Ẹni Tí Gáàdì Bá Dá Tíkẹ́ẹ̀tì Rẹ̀ Lu

Fèrè wà lẹ́nu òkú.

Ohun tó kọ́kọ́ mú kí ara Ìnspẹ́kítọ̀ Mobọ́lájí Àkànjí bù máṣọ nìyẹn láàárọ̀ Sátidé yẹn ní àdúgbò Soje. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ṣe ọlọ́pàá ní Minna, ó ti rí òkú rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò rí òkú tó ń fun fèrè rí. Bàbá Àlàbá Adébọ̀dé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, gáàdì rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ló nà gbalaja sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ègé irin rélùwéè tí Bàbá máa ń fi dá ilẹ̀kùn dúró pẹ̀lú. Fèrè idẹ tó fi ń dá ọkọ̀ sílẹ̀ láyé ọjọ́un ló há sáàárín eyín rẹ̀, ó sì fi ìka di okùn rẹ̀ mú bí ọmọdé ṣe ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Subhanallahi!" Kọ́púrà Hámzàt tó wà lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí. "Bàbá Gáàdì! Ta ló lè ṣe èyí sí Bàbá Gáàdì?"

Ìbéèrè gidi ni. Ta ni kò mọ Bàbá Gáàdì ní Soje? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí rélùwéè gbé wá sí òkè yìí, tó kọ́lé síbẹ̀, tó sin ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ bàálù lójú rẹ̀ ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. "Bàálù kẹ̀?" ni yóò wí. "Ẹ wọ bàálù láti Èkó, kí lẹ rí? Ìpàkọ́ ẹni tó jókòó níwájú yín! Ẹ wọ rélùwéè, ẹ ó rí ayé. Ẹ ó ra ẹ̀pà ní Ọ̀fà, ẹ ó ra ẹja yíyan ní Jẹ́bà, kẹ́ ẹ tó dé Mókwá ẹ ó ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹni tó jókòó tì yín. Ara nìkan ni bàálù ń gbé dé. Ẹ̀mí á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn."

Àkànjí fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà nílé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n jọ ń lọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ọkọ̀ tí Bàbá yìí ń ṣe gáàdì rẹ̀ ló gbé òun àti ìyá rẹ̀ lọ sílé. Bàbá gbé e sókè lójú fèrèsé kó lè wo omi Ọya láti orí afárá. Kò gbàgbé rí.

Dókítà tó wá wo òkú bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Lánàá Jímọ̀ ló kú, nírọ̀lẹ́. Wọ́n tì í, orí rẹ̀ sì lu irin yẹn. Ṣùgbọ́n kò kú lójú ẹsẹ̀ o, Ìnspẹ́kítọ̀. Ó tó wákàtí kan tó fi wà láàyè."

"Wákàtí kan?" Àkànjí bi í.

"Bí ẹnikẹ́ni bá tètè dé, bóyá ìbá yè."

Fàtímọ̀, ìyàwó ilé tó kángun sí ti Bàbá, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹnu ọ̀nà. Ó ké tòò, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Mo gbọ́ ọ! Wallahi, mo gbọ́ fèrè yẹn lánàá! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni Bàbá ń sọ pé òun ń wọ rélùwéè lọ sí Èkó lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ní, ẹ wo Bàbá, ó ti ń múra. Mo pàtẹ́wọ́ fún un láti ibi tí mo ti ń fọ àwo." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Ó ń pè mí kí n wá gbà á, èmi ń pàtẹ́wọ́ fún un!"

Hámzàt yí ojú sí ògiri.

Àkànjí mí kanlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti já ilẹ̀kùn. Ẹni tí Bàbá mọ̀ ló wọlé. "Màmá, ta ló ń gbé pẹ̀lú Bàbá?"

"Kàbírátù ni. Opó ni, ọkọ rẹ̀ àti Bàbá jọ ṣiṣẹ́ nínú rélùwéè. Òun ló ń se oúnjẹ fún un. Òun náà ló rí òkú nígbà tó gbé kóko wá fún un láàárọ̀ yìí." Fàtímọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni jẹ́ o. Ṣùgbọ́n wọ́n jà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Kàbírátù ń pariwo: 'Ẹ má lọ! Tí ẹ bá lọ, mi ò ní forí jì yín láé!'"

Wọ́n pe Kàbírátù. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ìyá, níbo lẹ wà lánàá kí wọ́n tó pe Àsárì?"

"Kasuwan Gwari ni mo wà, ọmọ mi. Mo lọ ra ata."

"Ta ló rí yín níbẹ̀?"

"Ta ló ń ka ènìyàn lọ́jà?"

"Nígbà tí ẹ dé ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ilẹ̀kùn pálọ̀ wà ní títì, mo rò pé Bàbá ti sùn, mo bá gba yàrá mi lẹ́yìnkùlé lọ."

"Lórí kí ni ẹ ṣe jà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè? Kí ni Bàbá fẹ́ lọ ṣe ní Èkó tí ẹ ní kó má lọ?"

Kàbírátù mi orí. "Mi ò lè sọ. Àmáànà ni, àṣírí tí wọ́n fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́. Bàbá mú mi búra, mo sì búra."

"Ẹni tó mú yín búra ti kú, Ìyá. Wọ́n pa á ni. Bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni ọwọ́ òfin yóò bà."

"Àmáànà kì í bá òkú kú." Omi dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ọlọ́pàá fẹ́ ṣe? Òun ló ní kọ́kọ́rọ́, òun ló bá Bàbá jà, òun ni kò ní ẹlẹ́rìí. Àkànjí ní kí wọ́n mú un. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù, ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni yóò ti máa retí ìdájọ́, bó pẹ́ ọdún, bó pẹ́ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti arúgbó náà sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Wọn kò tíì gbéra tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fi já wọ àdúgbò. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrìnàjò, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú. Olúwabámiṣe ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó rí èrò, ó rí ọlọ́pàá, ó sáré wọlé, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí wọ́n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó sọ tirẹ̀. "Mo fẹ́ yà á lẹ́nu ni, ọ̀gá. Mo ní n wá mú un kí a jọ lọ sí Èkó. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe wọ rélùwéè, kí inú rẹ̀ lè dùn. Láti àná ni mo ti wà lójú ọ̀nà. Mo yọ orí síta láti Èkó dé Minna bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀pà tí mo rà ní Ọ̀fà, ẹja tí mo rà ní Jẹ́bà, èmi àti àwọn tí a jọ jókòó la jọ jẹ ẹ́. Ìgbà tí a wà lórí afárá, afẹ́fẹ́ omi ń fẹ́ sí mi lójú, mo ń sọ lọ́kàn mi pé òótọ́ ni Bàbá ń sọ, kò sí ohun tí bàálù lè fi wé èyí." Ó tún bú sẹ́kún. "Àṣé òkú rẹ̀ ni mò ń bọ̀ wá bá!"

Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ènìyàn. Ó ṣe Àkànjí pàápàá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan gún un lọ́kàn díẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó jẹ́.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, dípò kó lọ sílé ìjọsìn, ọ́fíìsì ló lọ. Ó ń ka gbogbo ohun tí Hámzàt kọ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí. Ó kan ti Muneer, ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ tó gbé Bámiṣe dé. Muneer ọmọ Soje ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Minna, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Hámzàt kọ ọ́ báyìí: "Ó ní ibi rélùwéè ni òun ti gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Tunga, láti ibẹ̀ ni òun tún ti gbé e wá sí Soje."

Àkànjí gbé ìwé náà sílẹ̀. "Hámzàt, ta ló ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè láàárọ̀ tí yóò kọ́kọ́ lọ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí bàbá rẹ̀ ní ilé nílùú?"

Hámzàt họrí. "Èmi ò rò ó bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí ni Muneer wí gan-an? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́."

"Ó ní, 'Na ɗauko shi daga wurin jirgi.' Ibi jirgi ni òun ti gbé e."

Àkànjí dìde. "Jirgi wo?"

Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Hausa, ẹ ti rí i. Ọkọ̀ ojú irin, jirgi ni. Ọkọ̀ òfuurufú, jirgi ni. Ti ilẹ̀ àti ti òkè ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Soje, láàárín àwọn ọmọ rélùwéè, ẹni tó bá ti pe jirgi, rélùwéè ni gbogbo ènìyàn gbọ́, nítorí òun ni jirgi tó bọ́ wọn dàgbà. Hámzàt sì jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè.

Wọ́n rí Muneer níbi tó ti ń fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní Fadikpe. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ranka ya daɗe."

"Muneer, jirgi wo ni o ti gbé ọmọ Bàbá Gáàdì?"

"Jirgin sama mana! Bàálù, sà. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ni."

"Láàárọ̀ Sátidé?"

"Haba! Bàálù wo ló ń wá ní Sátidé? Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo gbé e lọ sí Tunga, ó gba nọ́ńbà mi, ó wá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì."

Hámzàt jókòó sórí táyà kan. "Kai! Sà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin yẹn."

"Àwa méjèèjì ni," Àkànjí dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ló mọ ohun tó gún un lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ máa ń wí pé ẹni tó wọ rélùwéè, eruku gbogbo ìlú tó kọjá ni yóò gbé délé. Ẹni tó yọ orí síta láti Èkó dé Minna, báwo ni ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe funfun bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ Bàbá ni Bámiṣe jí sọ, ẹ̀pà Bàbá, ẹja Bàbá.

Ṣùgbọ́n kí ló lè mú ọmọ pa irú bàbá yẹn? Àkànjí padà sí Soje, ó dúró sí àárín yàrá Bàbá. Agbádá tuntun wà lórí ìṣó, tí Bàbá fẹ́ wọ̀ lọ sí Èkó. Fìlà gáàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku ti bò ó. Ìyẹn yà á lẹ́nu. Bàbá yìí kì í wọ rélùwéè láìdé fìlà rẹ̀, kódà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ó rántí pé inú ìgbátí fìlà ni àwọn gáàdì máa ń há tíkẹ́ẹ̀tì sí. Ó ki ìka bọ ibẹ̀.

Káàdì ìpè ìdána kan ló yọ jáde, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó. Ó kà á, ó tún un kà. "Olúwabámiṣe, ọmọ olóògbé Káputéènì Àlàbá Adébọ̀dé, awakọ̀ òfuurufú."

Olóògbé! Bàbá tó wà láàyè, tó ń jẹ kóko láràárọ̀ ní Soje! Ẹnìkan sì ti fi irin tí wọ́n fi ń dá tíkẹ́ẹ̀tì lu dá ihò róbótó kan sára káàdì náà, lórí ọ̀rọ̀ "olóògbé" gan-an.

Ó gbé e lọ bá Kàbírátù ní àtìmọ́lé. Obìnrin náà wò ó títí. "Ẹ̀yin lẹ rí i fúnra yín," ó wí. "Kì í ṣe ẹnu mi ló ti jáde. Ẹ mú mi lọ síbi tí Bámiṣe wà, ìṣojú rẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ìyókù."

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo wọn pé sí pálọ̀ Bàbá: Bámiṣe, Kàbírátù, Fàtímọ̀, Muneer àti ọlọ́pàá méjì. Bámiṣe fojú burúkú wo Kàbírátù. "Ọ̀gá, kí ni apànìyàn yìí ń ṣe nílé bàbá mi?"

"Jókòó," ni Àkànjí wí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tìrẹ kò tiẹ̀ lọ ju ọjọ́ méjì. O ò wọ rélùwéè, Bámiṣe. Bàálù lo wọ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀, Muneer tó wà níwájú rẹ yìí ló sì gbé ọ. Kí wọ́n tó pe Àsárì, o wà nínú pálọ̀ yìí. Bàbá rẹ ṣílẹ̀kùn fún ọ, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni ọ́. O pa á nítorí èyí." Ó gbé káàdì náà sójú rẹ̀. "O ti sọ fún àwọn àna rẹ pé bàbá rẹ kú. O sọ gáàdì rélùwéè di awabàálù, o sì sin ín láàyè. Bàbá rẹ rí i, ó dá ọ̀rọ̀ náà lu, ó fagi lé e, ó ní òun ń bọ̀ wá tú àṣírí rẹ. O sì dá a dúró."

"Olóògbé kẹ̀?" Fàtímọ̀ fi ọwọ́ di àyà. "Bàbá tó wà láàyè? Innalillahi!"

Bámiṣe ń wo ihò náà. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Olówó làwọn ará ilé ìyàwó mi. Wọ́n bi mí níjọ́ àkọ́kọ́ pé iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe. Ojú tì mí. Irọ́ yẹn kàn bọ́ ni. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Bàbá pè mí lórí fóònù. Ó ní, 'Bámiṣe, mo ti rí káàdì rẹ. Mo ti dá a lu. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.' Mo fò wá láti wá bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Jẹ́ kí n dé Èkó ná, wàá gbọ́ ohun tí màá sọ fún àna rẹ.' Mo ní kó gbé àpò tó ń dì fún ìrìnàjò sílẹ̀, ó fà á, mo tì í. Mi ò fẹ́ kó kú!"

"O gbọ́ fèrè?" Àkànjí bi í.

Bámiṣe wo ilẹ̀.

"Mo ní, o gbọ́ fèrè?"

"Mo ti dé ẹnu géètì. Mo gbọ́ ọ."

"O sì ń lọ?"

"Mo rò pé... mo rò pé ó ń pe àwọn ará àdúgbò lé mi lórí."

Fàtímọ̀ kígbe bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Muneer fi ẹ̀wù bojú. Kàbírátù nìkan ni kò mira. Ó dìde, ó gba káàdì náà lọ́wọ́ Ìnspẹ́kítọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ mi, ẹ ti mọ ẹni tó pa á," ó wí fún un, "ṣùgbọ́n ẹ ṣi ihò yìí kà." Ó kọjú sí Bámiṣe. "Ìwọ ńkọ́? Ọmọ gáàdì, o ò mọ ohun tí ihò jẹ́? Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò dára, ṣé gáàdì máa ń dá a lu ni? Gbígbà ló ń gbà á, á ní kí olúwarẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí gáàdì bá dá tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lu, ó ti rí i, ó ti gbà fún un, kó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ ni!"

Ó gbé káàdì náà sún mọ́ ojú Bámiṣe.

"Bàbá kò fẹ́ tú ọ láṣírí. Láti ìgbà tí ẹnìkan ti fi káàdì yìí ránṣẹ́ sí i láti Èkó, alẹ́ mẹ́rin ló fi ń kọ́ ohun tó fẹ́ wí níwájú àwọn àna rẹ. Àga yìí ló ń jókòó sí, èmi ló ní kí n ṣe ìyá ìyàwó. Á ní, 'Èmi ni ẹ̀gbọ́n Káputéènì. Àbúrò mi ìbá yọ̀ lónìí, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ rẹ̀.' Ohun tí a torí rẹ̀ jà nìyẹn. Mo ní ẹ̀tẹ́ ni kí àgbàlagbà máa lọ pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òkú ara rẹ̀. Mo ní bó bá lọ, mi ò ní forí jì í. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ó mú mi búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ irọ́ tí o pa, kí wọ́n má baà fi ọ́ ṣẹ̀sín. Fìlà tó fẹ́ràn yẹn, ìwọ ló torí rẹ̀ gbé kọ́ sórí ìṣó."

Bámiṣe ṣubú lulẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ kúrò. Igbe tó ké lọ́jọ́ Sátidé kò jọ èyí rárá. Hámzàt gbé e dìde, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Àkànjí bọ́ fìlà ọlọ́pàá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Kàbírátù lójú gbogbo wọn. "Ẹ forí jì mí, Ìyá."

"Dìde, ọmọ mi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwọ ríran nígbẹ̀yìn."

Nígbà tí wọ́n ń gbé Bámiṣe lọ, ibi tí ojú irin ti gba ọ̀nà kọjá ni wọ́n dé tí ọkọ̀ Èkó ń bọ̀. Ọkọ̀ tí Bàbá ìbá wọ̀ nìyẹn. Wọ́n dúró. Fèrèsé lẹ́yìn fèrèsé ń kọjá, àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wọn, obìnrin kan ń pín àgbàdo fún àwọn tí wọ́n jọ jókòó. Gáàdì kan yọ orí jáde láti ìdí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó na àsíá aláwọ̀ ewé síta, ó sì fun fèrè.

Bámiṣe gbé ọwọ́ tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sókè, ó fi di etí, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dé etí kejì.

Hámzàt fẹ́ wa ọkọ̀ kúrò. Àkànjí ní kó dúró ná, kí rélùwéè náà kọjá tán.